Ààbọ̀ Èèyàn Lórí Àtẹ̀gùn

Ẹjọ́ kan wọ́ dé ààfin Baálẹ̀ Òkè-Agbẹ̀dẹ lánàá, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó sì ti làágùn yányán kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní ó wọ́ dé, n kò ní ó rìn dé, nítorí Oyèdèjì ṣobàtà tó gbé ẹjọ́ náà wá kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ. Awọ táyà ló gé sábẹ́ ìdí, ó gé òmíràn sí àtẹ́lẹwọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọ́ káàkiri àdúgbò, òun náà ló sì ń ṣe bàtà tí gbogbo wa ń wọ̀.

Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ebenezer Akínpẹ̀lú, akọ̀wé kánsù kékeré ti àdúgbò wa. Gègé mẹ́ta ló máa ń wà ní àpò àyà rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ní tàdáwà nínú.

Èmi ni Tíṣà Ọláníyì. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́: ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, ẹjọ́ náà kò sì yẹ mí. Ìjọba fẹ́ fún àdúgbò wa ní ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá wo ilẹ̀ sọ pé ibi méjì ló dára, a lè rì í mọ́ orí òkè tàbí ìsàlẹ̀ ní oríta. Ilé akọ̀wé wà lórí òkè. Ilé tèmi náà wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Oyèdèjì wà ní oríta, ilé kánsù ló sì fara tì. Kánsù wá pe ìpàdé gbogbogbòò, wọ́n ní kí gbogbo ará àdúgbò wá, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí á fi ìbò yan ibi tí ẹ̀rọ máa wà. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kánsù ni wọ́n ti ṣe é, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tí akọ̀wé ka ìbò, òkè ní mọ́kànlélógún, ìsàlẹ̀ ní ogún àti ààbọ̀.

Oyèdèjì ní òun ni ààbọ̀ náà, òun kò sì gbà.

Bẹ́ẹ̀, ààfin náà ní àtẹ̀gùn tirẹ̀, márùn-ún péré. Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè jókòó sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú ìbòòji. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, Sàídù ìránṣẹ́ ló ń bá a gbé ọ̀rọ̀ gòkè, ó sì ti di àṣà pé kí Sàídù tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́nà, kí etí Baálẹ̀ má baà gbọ́ ohun líle.

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa,” Oyèdèjì pariwo láti ìsàlẹ̀. “Wọ́n gbé mi dé àárín àtẹ̀gùn, wọ́n jù mí síbẹ̀ bí àpò gààrí!”

Sàídù gòkè, ó kúnlẹ̀. “Baálẹ̀, ó ní wọ́n rọra gbé òun, wọ́n sì fún òun ní ibi tó dáa jókòó sí.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” Baálẹ̀ ní. “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Mo ń pariwo pé ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́, akọ̀wé ní kí n dákẹ́, pé ẹni tí kò tíì dé ìpàdé kò lè dá sí i!”

“Ó ní akọ̀wé ní kí òun sinmi.”

“Òpùrọ́ ni akọ̀wé!”

Sàídù wúkọ́ díẹ̀. “Ó ní akọ̀wé mọ ọ̀rọ̀ sọ.”

“Sàídù, sọ fún Baálẹ̀ pé tí ẹ̀rọ bá lọ sórí òkè, n ó máa tọrọ omi mímu lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí n ó fi kú! N kò lè wọ́ gun àpáta yẹn!”

“Baálẹ̀, ó ní kí ẹ̀mí yín gùn, kí ẹ máa rí omi mu.”

“Àmín,” Baálẹ̀ ní. “Ṣùgbọ́n ṣé ọkùnrin yìí wá pe ẹjọ́ ni, àbí ó wá dúpẹ́?”

Ìgbà náà ni Ìyá Comfort, opó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá, tó wá jẹ́rìí, sọ̀rọ̀ láti ìdí òpó tó jókòó sí.

“Baálẹ̀, ẹ foríjì mí. Ohun tí Oyèdèjì sọ kọ́ nìyẹn. Òpùrọ́ ló pe akọ̀wé. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ Oyèdèjì, ìsàlẹ̀ ló ti ń rò ó. Èyí tí ẹ ń gbọ́ níbí, ẹjọ́ Sàídù ni.”

Baálẹ̀ dìde, ó lọ sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀. Oòrùn ti gba gbogbo àgbàlá.

“Oyèdèjì, ìgbà wo lo ti wà níbẹ̀ yẹn?”

“Láti agogo mẹ́jọ, Baálẹ̀.”

Agogo mẹ́wàá ti lù.

“Ta ló ní kí o má gòkè?”

“Àtẹ̀gùn ni, Baálẹ̀.”

Baálẹ̀ fi ojú ka àtẹ̀gùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní: “Ẹ gbé àga mi sọ̀kalẹ̀.”

Ọ̀tún Baálẹ̀ fò dìde. “Háà! Baálẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀ tọ ẹjọ́. Ẹjọ́ ní í gòkè tọ Baálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la bá a!”

“Èyí kò lè gòkè. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ fún Sàídù ni?”

“Kí wọ́n gbé ọkùnrin náà wá sókè níbí.”

“Ẹ má gbé mi mọ́!” Oyèdèjì figbe ta. “Ẹ dákun! Gbígbé ló dá ẹjọ́ yìí sílẹ̀!”

Bí gbogbo wa ṣe sọ̀kalẹ̀ sínú oòrùn nìyẹn, Baálẹ̀ lórí àga, àwọn ìjòyè lórí ẹní, èmi lórí ìdúró. Ọ̀tún ṣí agbòòrùn rẹ̀, ó ń kùn. Wọ́n pe akọ̀wé.

“Ebenezer, wí tẹnu rẹ.”

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí mo ń kọ́ ètò ìpàdé. Kò sí ohun tí mo ṣe tí kò bá ètò mu. A ní kí gbogbo èèyàn wá. A ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ṣé èmi ni mo ní kí ó má gun àtẹ̀gùn?”

“Kí ló dé tí ẹ kò ṣe é nísàlẹ̀?”

“Baálẹ̀! Ìpàdé ìlọsíwájú kẹ̀? Ká ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ká wá lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Kí ni àwọn ará Sábó máa pè wá?”

“Ààbọ̀ èèyàn ńkọ́?”

Ojú akọ̀wé tàn. Ó jọ pé ìbéèrè tó ti ń dúró dè nìyẹn.

“Àánú mi gan-an lẹ dárúkọ yẹn, Baálẹ̀. Ní ètò, ẹni tó wà nípàdé, odidi kan. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, òfo. Oyèdèjì kò sí níbẹ̀, kò sì ṣàìsí níbẹ̀. Mo rò ó títí. N kò fẹ́ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, mo bá fún un ní ààbọ̀. Tó bá jẹ́ ibòmíràn, wọn ò ní fún un ní nǹkan kan.”

“Apá wo lára rẹ̀ lo kà?”

“Láti ìbàdí sókè, Baálẹ̀. Apá yẹn là ń rí láti ibi tí a wà.”

“Apá tó ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn,” Oyèdèjì ní, “tó o ní kó dákẹ́!”

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín, ó tún rántí pé inú ń bí òun, ó fún ojú pọ̀.

Baálẹ̀ pe àwọn tó gbé e, Mátíù àti Ọlọ́runṣògo. Alábàárù ni àwọn méjèèjì, ẹrù ni wọ́n ń rù ní Sábó, kò sì sí àpò tó wúwo jù fún wọn.

“Àtẹ̀gùn ìkelòó lẹ gbé e kalẹ̀ sí?”

“Ìkẹrin, Baálẹ̀,” Mátíù ní.

“Ìkẹrin kẹ̀?” Ọlọ́runṣògo yí sí i. “Ìkọkànlá ni! Apá mi ṣì ń dùn mí títí di òní.”

“Kí lo mọ̀? Èmi ni mo wà lókè, ìwọ lo wà lábẹ́. Kí lo rí?”

“Èmi tí mo wà lábẹ́ ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ọrùn mi ló kà á!”

“Ọrùn rẹ ò lọ sílé ìwé!”

“Tìrẹ ló lọ?”

“Ó tó!” Baálẹ̀ ní. “Kí ló dé tí ẹ fi gbé e kalẹ̀?”

Àwọn méjèèjì dáhùn pọ̀: “Akọ̀wé ní kí á wá nawọ́ dìbò.”

“Ọwọ́ tí a fi gbé e náà la ní, Baálẹ̀,” Mátíù fi kún un. “A ò ní òmíràn.”

“Ibo lẹ wá dìbò fún?”

“Ìsàlẹ̀,” Mátíù ní. “Nítorí Oyèdèjì.”

“Òkè,” Ọlọ́runṣògo ní. “Nítorí Oyèdèjì náà ni. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn yẹn, inú ń bí mi sí i.”

Ó kan Ìyá Comfort. Sàídù ti fà á lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú wa, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Oyèdèjì.

“Ìkẹsàn-án ni,” ó ní, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

“Baálẹ̀, n kò fara mọ́ ọn!” akọ̀wé ké. “Ẹlẹ́rìí tí kò ríran! Báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tí ẹnìkan jókòó sí?”

“Ebenezer ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ríran kì í ka àtẹ̀gùn. Èmi tí n kò bá kà á, n ó já bọ́. Mo kà á dé mẹ́jọ. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ìkẹsàn-án, ọwọ́ èèyàn ni mo tẹ̀. Ó ní, ‘Ìyá Comfort, ẹ rọra.’ Mo ní, ‘Oyèdèjì, kí lò ń ṣe níbí?’ Ó ní, ‘Ìpàdé ni mò ń ṣe.’”

“Òótọ́ ni,” Oyèdèjì ní, ó sì na ìka tí wọ́n tẹ̀ náà sókè kí gbogbo wa rí i.

“Tíṣà!” Baálẹ̀ pè mí. “Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá, ṣé ó ju ààbọ̀ lọ?”

“Ó jù ú lọ, Baálẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́rìnlá ló fi jù ú.”

“Kí ni ìyẹn lára èèyàn?”

Láti ọdún tó kọjá tí ìwé ọ̀fẹ́ ti dé, ọgọ́ta ọmọ ni mò ń kọ́ ní ìṣirò ní kíláàsì kan, kò sí ọ̀kan tó tíì bi mí ní irú èyí. Mo wo Oyèdèjì láti òkè délẹ̀. “Ó lè tó itan kan, Baálẹ̀.”

Akọ̀wé ti yọ ìwé àti gègé rẹ̀. “Kò burú, Baálẹ̀. Mo lè fi itan kan kún un. Òkè ṣì borí.”

Ó sì tọ̀nà, nítorí bí ẹ bá fi itan méjèèjì kún un pàápàá, kò kọjá mọ́kànlélógún sí mọ́kànlélógún. Mo rí i tí ejìká Oyèdèjì rẹlẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ pa awọ táyà tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ẹ dúró ná,” Ìyá Comfort ní. “Èmi gan-an, ibo ni wọ́n kà mí sí?”

Akọ̀wé ṣí ìwé. “Òkè, Mà. Ẹ nawọ́ fún òkè, mo fi ojú mi rí i.”

“Èmi? Èmi tí mo ṣubú lórí àpáta òkè yẹn lọ́dún tó kọjá, tí mo fi oṣù méjì dùbúlẹ̀, tí gbogbo ìjọ Aládùúrà wa ń gbààwẹ̀ lé mi lórí?”

“Ẹ nawọ́, Mà.”

“Kí lo sọ kí n tó nawọ́?”

“Àwòrán ilẹ̀ àdúgbò wà lára ògiri. Mo na ìka sí òkè, mo ní, ‘Ẹni tó bá fẹ́ kó wà níbí, kó nawọ́.’ Nígbà tó yá, mo na ìka sí oríta, mo ní, ‘Ẹni tó bá fẹ́ kó wà níbẹ̀ yẹn.’”

Gbogbo orí yí sí Ìyá Comfort.

“Èmi kò mọ̀ pé àwòrán kan wà,” Ìyá Comfort ní. “O ní ‘níbí’. Mo rò pé ibi tí a wà ni. Oríta la sì wà, nílé kánsù, ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Oyèdèjì. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè tayọ̀tayọ̀.”

Ojú tì mí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rí ìka akọ̀wé, mo rí ọwọ́ Ìyá Comfort tó lọ sókè, ó sì yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí èmi fẹ́ ló bọ́ sí, mo bá gbé ẹnu mi dákẹ́.

“Tíṣà, tún un ṣírò,” Baálẹ̀ ní.

“Òkè ti di ogún, Baálẹ̀. Ìsàlẹ̀ ti di mọ́kànlélógún, láìka Oyèdèjì rárá.”

Mátíù pàtẹ́wọ́. Ọlọ́runṣògo náà pàtẹ́wọ́, ẹni tó dìbò fún òkè. Oyèdèjì ni kò pàtẹ́wọ́.

“Baálẹ̀,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “ẹ má sọ pé láìka Oyèdèjì. Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn. Ká ní wọ́n bi mí, tí mo dìbò mi, tí mo sì pàdánù, ǹ bá ti lọ sílé jẹ́ẹ́, ǹ bá máa bú wọn nínú. Wọn ò bi mí ni.”

Baálẹ̀ nu òógùn ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Ọ̀tún ló kọ́kọ́ bá wí.

“Ká agbòòrùn yẹn. Ọkùnrin yìí ti wà nínú oòrùn fún wákàtí méjì, èmi àti ìwọ ń jẹ obì nínú ìbòòji, à ń sọ pé a ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. A jẹ̀bi. Wákàtí méjì làwa náà máa jókòó níbí, kò sí ẹni tó máa dìde. Sàídù!”

“Baálẹ̀!”

“Láti òní lọ, ohun tí èèyàn bá sọ ni kí o sọ fún mi, kódà bó jẹ́ èébú.”

“Èébú tiyín náà, Baálẹ̀?”

“Tèmi ni kí o kọ́kọ́ sọ.”

Sàídù la ẹnu bí ẹni pé ó ti ní díẹ̀ nílẹ̀. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó di ọ̀la.

“Ní ti ìpàdé yẹn,” Baálẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, “kò wáyé. Àwọn kan ló gun òkè lọ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí akọ̀wé fa ojú ewé náà ya. Ní ọjọ́ Sátidé, a ó tún ìbò dì, iwájú ṣọ́ọ̀bù Oyèdèjì la ó sì ti dì í. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ nísàlẹ̀, kó jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lókè, kó lọ jókòó sórí òkè, a ó kà á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ìdí ni kó fi wọ́ gun àpáta náà láti ìsàlẹ̀ dókè, bí Oyèdèjì ì bá ṣe máa wọ́ ọ lójoojúmọ́. Sàídù máa tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú pàṣán. Akọ̀wé ló máa ka ìbò, a ó sì fi gèlè di ojú rẹ̀ pinpin.”

Ariwo sọ. Àwa ará òkè ń wo ara wa, a tún ń wo ṣòkòtò ara wa. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú gègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ ṣàánú wa! Àwọn aboyún ilé wa ńkọ́? Àwọn arúgbó ńkọ́? Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè wọ́ gun àpáta. Báwo ni wọ́n ṣe máa débẹ̀?”

Baálẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí àga rẹ̀ fi ń mì.

“Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Dìde, Ebenezer, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ gan-an. ‘Báwo ni wọ́n ṣe máa débẹ̀?’ Ọ̀sẹ̀ méjì lo lò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọn ò kọ́ ọ níyẹn. Ìdajì wákàtí nínú oòrùn, o ti mọ̀ ọ́n.”

Akọ̀wé dìde, ó kọ ọ́.

“Ó dára. Mo fagi lé àpáta wíwọ́ fún àwọn aboyún àti arúgbó. Wọ́n á fi ẹnu sọ ibi tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀yin tí ara yín le ṣì máa wọ́ ọ. Ìwọ akọ̀wé, kí ìpàdé kankan tó tún wáyé ládùúgbò yìí, ilé mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó wà níbí, o ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, o ó bi olúkúlùkù pé, ‘Báwo lẹ ṣe máa débẹ̀?’ O ó kọ èsì. Ẹni tó bá ní òun ò lè dé, ìpàdé ló máa lọ bá a. Tó bá jẹ́ ẹni mẹ́wàá, kí ìpàdé náà yára rìn. Ẹjọ́ parí. Ẹ jókòó, ó ku wákàtí kan àti ààbọ̀.”

A jókòó. Orí Ọ̀tún pọ́n.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, mo yà sí ẹsẹ̀ òkè lọ́nà ilé. Mo wò yíká, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Mo jókòó, mo wọ́. Mo dé òkúta kẹta, mo dìde, mo gbọn eruku kúrò ní ìdí ṣòkòtò, mo sì ti mọ ibi tí n ó jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ra tó bàtà mẹ́rin lọ́wọ́ Oyèdèjì, n kò bi í rí pé báwo ló ṣe ń ṣe é délé.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ sílé ìwé, akọ̀wé kanlẹ̀kùn. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Báwo lẹ ṣe máa dé ìpàdé Sátidé?”

“Ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn wá.”

Ó kọ ọ́. “Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú. Oyèdèjì ńkọ́? Ṣé o ti bi òun?”

“Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbálẹ̀ ibi tí a máa jókòó sí.”

“Kí ló sọ?”

Akọ̀wé ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó kà á fún mi bó ṣe kọ ọ́: “Ó ní òun ti débẹ̀. Ó ní àwa ni òun ń dúró dè.”